Ọjọ́ Tí Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ Sísọ Yadi

Ọjọ́ kan wà lọ́kàn mi tó kọ̀ tí kò tán, bó ti wù kí n gbọ̀n ọ́n dànù tó. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọn yóò ṣe dá ọ̀rọ̀ padà sí ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ ti lọ lẹ́nu rẹ̀, mo jí lọ́jọ́ náà, n kò ní ohùn. Bí mo bá ń ròyìn rẹ̀, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi á máa rẹ́rìn-ín, èmi náà á sì bá wọn rín in. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, ohun kan wà tí mo fojú ara mi rí lọ́jọ́ náà tí orí mi ṣì máa ń wú bí mo bá rántí rẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ mi. Yunifásítì ni mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ọtofoní lédè Faransé. Nílé tiwa, a ò tíì ní orúkọ fún un. Bí ọmọ bá ń kólòlò, bí ọmọdé bá tó ọ̀rọ̀ ọ́ sọ tí kò sọ, bí ẹ̀gbà bá kọlu àgbàlagbà tí ahọ́n rẹ̀ sì wúwo, àwọn tí mò ń kọ́ yìí ni yóò jókòó tì wọ́n, tí wọn yóò máa fi sùúrù wá ọ̀rọ̀ náà jáde. Ọmọ Ifẹ̀ ti Atakpamé ni mí. Èdè wa àti Yorùbá tí mo fi ń kọ èyí, ọmọ ìyá ni wọ́n, bí wọn kò tilẹ̀ gbé inú yàrá kan náà. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn inú ìtàn yìí, èmi ni mo tún un wí kó lè yé yín.

Ọdún náà, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wá sí Anié láti wá fojú rí aláìsàn, kí wọ́n yéé fi ìwé nìkan mọ̀ ọ́n. Dókítà àgbà tó wà ní ilé ìwòsàn ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gba iṣẹ́ wa gbọ́. Yàrá tí wọ́n ń kó àwọ̀n ẹ̀fọn pamọ́ sí ló ní kí wọ́n tú fún wa. Ó wí fún mi pé, "Màdáàmù, màá wá wò yín ní ọjọ́ kan. Bí mo bá rí i pé ó wúlò, àwọn ọmọ yín lè máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí kò bá wúlò, àwọ̀n ẹ̀fọn mi ń gba eruku níta." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ẹnu mi dùn nígbà yẹn.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí dókítà yóò wá, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà jọ sí kíláàsì kan, kí n fún wọn ní ẹ̀kọ́ ìkẹyìn. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ni bí èèyàn ṣe ń tọ́jú ohùn ara rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo sì wà lẹ́yìn ògiri kíláàsì náà gan-an. Bí mo ṣe la ẹnu ni ẹni tó ni ín tan án.

"Ẹ má ṣe máa pariwo!" Èmi ni mò ń pariwo bẹ́ẹ̀. "Ẹni tó bá ń figbe sọ̀rọ̀, ọ̀fun ara rẹ̀ ló ń bó láwọ!"

Afi, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan láti ìlú Elavagnon, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun gbogbo, na ọwọ́ sókè. "Màdáàmù, ẹ ò ṣe jẹ́ ká dúró kí wọ́n lọ àgbàdo wọn tán?"

Mo kígbe pé rárá, àkókò kò sí. Ọyẹ́ mú, eruku àti lẹ́búlẹ́bú àgbàdo ń fò wọlé látojú fèrèsé, èmi sì ń kígbe títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, pé kí wọ́n má ṣe kígbe.

Agbonou, àdúgbò kan ní Atakpamé, ni mo wọ̀ sí, lọ́dọ̀ Tàǹtí mi tí ń ta èédú lẹ́bàá títì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fẹ́ kí i. Mo kúnlẹ̀, mo la ẹnu, ohun tó jáde kò ju èémí lọ. Mo tún un ṣe. Èémí ni. Tàǹtí wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ṣé èmi lo ń bá yan odì?" Mo fọwọ́ kan ọ̀fun mi, mo mi orí. Ó ní, "Ah! Òtútù ló dì í. Dúró."

Ó gbé sódábì jáde, ọtí ògógóró tiwa tó lè gbiná lójú iná. Ó fún ọ̀sàn wẹ́wẹ́ sí i, ó gún ata sí i. Ó ní kí n fi fọ ọ̀fun, kí n tu ú dànù. Bí mo ṣe gbé orí sókè tí mò ń fọ ọ̀fun ni ó gbá mi lẹ́yìn gbàmù, ó ní kí ó lè wọlé dáadáa. Ìdajì lọ sínú ikùn mi, ìdajì dà sára ẹ̀wù funfun tí mo wọ̀ nítorí dókítà. Omi ń bọ́ lójú mi, ohùn kò padà. N kò ní ẹ̀wù mìíràn tó mọ́, mo sì ti ń pẹ́. Mo bọ́ sí títì.

Ọlọ́kadà kan, àwọn tí a ń pè ní zẹ́mìjàn, dúró lẹ́bàá mi. Ó ní, "Níbo?" Mo nawọ́ sí ọ̀nà Anié, mo ń fi ètè pe orúkọ ìlú náà. Kò yé e. Ó tún béèrè. Mo wá rò pé kí n ṣàlàyé pé ohùn mi ló lọ. Mo di ọ̀fun mi mú, mo la ẹnu, mo na ìka sínú rẹ̀. Ojú ọkùnrin náà yí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó kígbe sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Eegun ẹja ló há a lọ́fun! Ẹ wò ó bí omi ṣe ń bọ́ lójú ẹ̀! Màmá, ẹ gun ẹ̀yìn! Họ́sípítù Anié ni mò ń gbé yín lọ!"

Kí ni kí n ṣe? Họ́sípítù Anié kọ́ ni mò ń lọ? Mo gun ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí irú eré yẹn rí láyé mi. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó ẹrù lọ sí òkè là ń yà sílẹ̀. Ó ń fọn fèrè, ó ń kígbe mọ́ gbogbo ẹni tó bá wà lọ́nà pé, "Ẹ yà! Eegun! Eegun!" Èmi ń gbá a léjìká pé kó rọra, òun sì rò pé ìrora ni, ó túbọ̀ ń sáré. Nígbà tí a dé, ó gbé mi bí àpò iṣu, ó sáré gbé mi wọlé. Kí Ọlọ́run bù kún un. Inú rere rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Obìnrin kan tó sanra, tó máa ń gba àwọn aláìsàn wọlé, ló bá wa lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n la ẹnu, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ahọ́n mi mọ́lẹ̀, ó bojú wo inú. Ó ní òun kò rí eegun kankan. Ó wá gbóòórùn ohun tó wà níbẹ̀. Ó fa imú, ó wo ẹ̀wù mi, ó tún fa imú.

"Sódábì!" ló sọ. "Ní àárọ̀ yìí!"

Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ lédè Faransé sí àtẹ́lẹwọ́ mi pé èmi ni ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó kà á, ó mi orí tìyọ́nútìyọ́nú. "Gbogbo ẹni tó bá ti mu sódábì ní Anié ni ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn kí ojú yín ó dá."

Báyìí ni mo ṣe jókòó sáàárín àwọn aláìsàn tí wọ́n wá rí èmi gan-an. Ìlẹ̀kùn yàrá wa wà ní títì pa lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wà nínú, wọ́n ń retí mi. Mo dìde láti lọ. Obìnrin yẹn na ìka sí mi, mo padà jókòó. Ẹ wo àgbà tó ń bẹ̀rù ìka.

Obìnrin kan lápá ọ̀tún mi ń wò mí. Ó bi ẹni tó wà lápá òsì mi léèrè, ọ̀rọ̀ ń gba orí mi kọjá bí ẹni pé àpótí ni mí, "Ṣé ẹbí yín ni?"

Ìyá arúgbó tó wà lápá òsì dáhùn pé, "Rárá o. Òun náà yadi bíi ti ọkọ mi."

"Ó mà ṣe o. Kò sì tíì darúgbó. Ṣé ó lọ́kọ?"

"Ta ni yóò fẹ́ ẹ?"

Èmi tí mo ní ọkọ nílé, tí mo bímọ! Mo yà sí wọn, mo fi òrùka ìka mi hàn wọ́n, mo fi ọwọ́ wọn gíga àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá náà rọra tẹ orúnkún mi, ó sì fi ohùn gíga, tó fà gùn bíi pé ọmọ ọwọ́ ni mí, sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, yóò dáa." Inú bí mi débi pé n kò mọ ibi tí màá fi ojú sí. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ yé mi pé, láti ọdún tí mo ti ń kọ́ni níṣẹ́ yìí, n kò mọ bí ó ṣe ń ṣe ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ nínú tí kò sí ọ̀nà àbájáde fún un.

Ọkọ ìyá náà jókòó sápá kejì rẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ ni, èjìká rẹ̀ gbòòrò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ so sílẹ̀ bí aṣọ tí a sá. Ó na ọrùn, ó wò mí. Mo fọwọ́ kan ọ̀fun mi, mo tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì: ó ti lọ. Ó fọwọ́ òsì kan ẹnu tirẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ náà: tèmi náà ti lọ. A ń wo ara wa. Òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá a rín in, ẹ̀rín aláìlóhùn tó ń mi mí léjìká. Ó wá fi ọ̀yàyà sọ fún mi pé, "Ewúrẹ́."

Ìyá náà sáré dá sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Kì í ṣe ẹ̀yin ló ń bú. Látìgbà tí ẹ̀gbà ti kọlù ú ní oko, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kù sí i lẹ́nu nìyẹn. A ò tilẹ̀ ní ewúrẹ́. Àlejò wá kí i, 'Ewúrẹ́.' Àlùfáà wá gbàdúrà fún un, 'Ewúrẹ́.' Àwọn ọmọ wa ní kí a yéé yọ ara wa lẹ́nu, àmọ́ mo ní kí a wá lẹ́ẹ̀kan yìí sí i." Ó gbé ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó so sílẹ̀ sórí itan ara rẹ̀. "Tẹ́lẹ̀, orúkọ mi ló máa ń pè láti ẹ̀yìnkùlé bí ẹni pé ilé ń jó. Yáwà! Yáwà! Ó máa ń bí mi nínú nígbà náà."

Bàbá náà ń sọ ewúrẹ́ rẹ̀ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí i gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mi, nítorí kò kúkú sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo sì gbọ́ ohun kan. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ohùn tó fi ń sọ ọ́ ń yí. Nígbà tó fẹ́ omi, ohùn náà lọ sókè. Nígbà tó ń ṣàwàdà, ó ń jó. Ọ̀rọ̀ ti kú, orin inú rẹ̀ kò kú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Mo mọ ohun tí a ó ṣe fún un.

Ìlẹ̀kùn ṣí, Afi yọjú láti pe aláìsàn àkọ́kọ́. Ó rí mi láàárín wọn. "Màdáàmù!" Bírò já bọ́ lọ́wọ́ obìnrin agbàlejò yẹn. Inú mi ì bá dùn sí ìyẹn ká ní dókítà àgbà kò wọlé ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, tí ó sì fa imú.

A wọ inú yàrá, Bàbá àti Yáwà ìyàwó rẹ̀, dókítà, Afi, àti Kòmlá, akẹ́kọ̀ọ́ mi kejì tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Mo fẹ́ rọra sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí Afi létí. Ó gbé ọwọ́ sókè. "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa lánàá pé wúyẹ́wúyẹ́ ń ba ọ̀fun tó ti bàjẹ́ jẹ́ sí i. Ẹ dákẹ́ pátápátá." Mo dákẹ́. Ó dùn mí pé ó gbọ́ ẹ̀kọ́ náà.

Kòmlá kó àwọn àwòrán jáde. Ó fi ilé han Bàbá. "Ewúrẹ́." Ó fi bàtà hàn án. "Ewúrẹ́." Òógùn ń bọ́ lójú Kòmlá. Ó yọ òmíràn, ṣé ẹ wá rí i, àwòrán ewúrẹ́ ni.

"Ewúrẹ́!" ni Bàbá wí.

"Ó gbà á!" Kòmlá fò sókè, ó ń bọ dókítà lọ́wọ́. "Dókítà, ẹ gbọ́ ọ? Ó gbà á!"

Dókítà mú àwòrán fìlà, ó fi han Bàbá. "Ewúrẹ́." Dókítà wo aago ọwọ́ rẹ̀.

N kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo dìde, mo la ẹnu gbàgà, mo ń mi orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, mo ń ju ọwọ́ bí ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin: Orin! Ẹ kọrin! Lójú tèmi, kò sí bí kò ṣe ní yé wọn. Ìyá náà pariwo pé, "Gìrì ti mú un!" Kòmlá da omi sí mi lójú. Dókítà, tó ti gbọ́ ìròyìn eegun ẹja lẹ́nu ọ̀nà, gbá mi mọ́ra láti ẹ̀yìn, ó ń tẹ ikùn mi hìn, hìn. Ìwọ̀nba sódábì tó kù nínú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i káàárọ̀.

Mo já ara mi gbà. Omi ń kán lára mi. Mo ronú, mo wo èjìká àgbẹ̀ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣe bí ẹni tó di ọkọ́ mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè sí ilẹ̀ símẹ́ńtì yàrá àwọ̀n ẹ̀fọn náà. Mo gbé e sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n rò pé orí mi ti yí. Mo sáà ń kọ ebè mi lọ.

Bàbá ń wò mí. Ojú rẹ̀ rẹ́rìn-ín lákọ̀ọ́kọ́, bóyá nítorí pé ebè mi kò dáa. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè, sódò, pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi. Ohùn kan jáde láyà rẹ̀, hùn-ùn, hùn-ùn. Ó la ẹnu.

"Ẹ jẹ́ ká kọ ebè o, òjò ń bọ̀ lọ́nà,
Ẹni tó bá sùn lónìí, ebi ni yóò jí i."

Ọ̀rọ̀ ni o. Ó yanjú, ó dán, kò sí ewúrẹ́ kankan nínú rẹ̀. Orin tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀wẹ̀ lóko ni. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀. Mo ti ka nǹkan báyìí nínú ìwé, mo ti fi kọ́ni lọ́dọọdún, pé ẹ̀gbà lè gba ọ̀rọ̀ kó má rí orin gbà, nítorí pé inú ọpọlọ, wọn kò gbé ibì kan náà. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ ìlú tí n kò dé rí. Lọ́jọ́ yẹn ni mo débẹ̀. Láti orí bẹ́ǹṣì ìta, láìsí ẹni tó bẹ̀ wọ́n, àwọn aláìsàn gba orin náà: "Ebi ni yóò jí i o, ebi ni yóò jí i." Mo gbọ́ ohùn obìnrin agbàlejò yẹn náà láàárín wọn.

Afi kò jẹ́ kí iná náà kú. Ó kúnlẹ̀ síwájú Bàbá, ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, ó ń fi lu orúnkún rẹ̀ bí orin ti ń lọ, ó sì fi ohùn orin kan náà bi í léèrè pé, "Ta ló jókòó tì yín o, ta ló jókòó tì yín?"

Bàbá yí ojú sí ìyàwó rẹ̀. Orin dákẹ́ níta.

"Yáwà," ló kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kò kọ ọ́ lórin mọ́. Ó pè é. "Yáwà!"

Ìyá náà kò sunkún, kò hó. Ó dáhùn wéré, bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé ló ti pè é, bí ó ṣe máa ń dá a lóhùn láti ìgbà èwe wọn: "Mo wà níbí. Kí lo fẹ́?"

Ìgbà tí ó sọ ọ́ tán ni ó tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀. Kòmlá kọjú sí ògiri. Dókítà yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀, mo dúpẹ́ pé n kò lè sọ ọ́, nítorí pé olùkọ́ ni mí, ǹ bá ti ṣàlàyé nǹkan náà bàjẹ́. Bàbá wo gbogbo wa tí a dúró bí òpó, ó fi inú dídùn sọ fún wa pé, "Ewúrẹ́." Ilé bú sẹ́rìn-ín.

Kò san lọ́jọ́ kan, kí n má purọ́ fún yín. Afi àti Kòmlá ń bá a kọrin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ọ̀rọ̀ díẹ̀ fi ń jáde láìsí orin, títí ó fi ní ọ̀rọ̀ tó tó láti bá ìyàwó rẹ̀ ṣe asọ̀. Dókítà wá àyè mìíràn fún àwọ̀n ẹ̀fọn rẹ̀. Ohùn tèmi padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó kọ́kọ́ ń dún bí ìlẹ̀kùn tí kò ní epo.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: ẹni tí yóò kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ, kó kọ́kọ́ lọ wo bí àìlèsọ̀rọ̀ ṣe rí. Láti ìgbà náà, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, ọjà ni mo máa ń kọ́kọ́ rán an láàárọ̀ kan, láìgbọdọ̀ la ẹnu. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé kó lọ ra ọṣẹ. Pẹ́pẹ́yẹ ààyè ló gbé padà wá. Òógùn bò ó, ìyẹ́ wà lórí rẹ̀.

Mo ní, "Kí lo rí kọ́?"

Ó yọ ìyẹ́ kan kúrò lórí. "Màdáàmù, gbogbo wọn ló fẹ́ràn láti ràn mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́nì kan tó dúró kí n parí."

Mo fẹ́ fún un lésì ọlọ́gbọ́n kan, bí olùkọ́ ṣe máa ń ṣe. Pẹ́pẹ́yẹ yẹn gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ó ń ké lọ ràì, kò dúró. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí, mo sì jókòó, mo jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán.